Ìdánwò MAP àti Àwọn Olùkọ́ Garfield

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2013, àwọn olùkọ́ Garfield High School, ilé ìwé girama kan ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn kò ní ṣe ìdánwò MAP, ìyẹn ìdánwò ìwé kíkà àti ìṣirò kan, fún akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Ìjà wọn dá lórí ẹni tó láṣẹ lórí ohun tó ń lọ nínú kíláàsì: ṣé olùkọ́ ni, àbí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́?

Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Òfin No Child Left Behind, tí Ààrẹ George W. Bush fọwọ́ sí ní ọdún 2002, sọ ìdánwò ìwé kíkà àti ìṣirò di ọ̀ranyàn lọ́dọọdún láti kíláàsì kẹta dé ìkẹjọ. Ilé ìwé tí máàkì rẹ̀ kò bá gòkè tó, ìyà ń bọ̀ wá jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ àgbègbè wá ń tẹ ìwé tó ń sọ iṣẹ́ tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó yé ọmọ o, kò yé e o.

Òfin yẹn kọ́ ló mú MAP wá. Ìlú Seattle fúnra rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ NWEA, àjọ tó ń ṣe ìdánwò fún àwọn ilé ìwé. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, ó sì lè tó ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún. Kò sí lára máàkì tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń jáde, nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn kò kà á sí. Síbẹ̀, wọ́n ń fi díwọ̀n iṣẹ́ olùkọ́. Àwọn olùkọ́ ní ìbéèrè rẹ̀ kò bá iṣẹ́ tí àwọn ń kọ́ mu, àti pé ní kíláàsì kẹsàn-án, àṣìṣe tó lè wà nínú máàkì náà ju ìtẹ̀síwájú tí wọ́n ń retí lọ. Ìdánwò tún ń gba yàrá kọ̀ǹpútà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ọmọ tí kò ní kọ̀ǹpútà nílé kò sì ríbi ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Ẹ̀dùn ọkàn tó tọ́ nìyẹn. Èsì àwọn aláṣẹ ni pé MAP ń jẹ́ kí wọ́n tètè mọ ọmọ tó ń rẹ̀yìn.

Àwọn aláṣẹ halẹ̀ pé olùkọ́ tó bá kọ̀ lè lọ gbélé fún ọjọ́ 10 láìgba owó oṣù. Àwọn olùkọ́ kò yẹsẹ̀. Ẹgbẹ́ òbí àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sì tì wọ́n lẹ́yìn. Ní oṣù Èbìbí, José Banda, ọ̀gá àgbà àwọn ilé ìwé ìlú náà, kéde pé MAP kì í ṣe ọ̀ranyàn mọ́ fún àwọn ilé ìwé girama.

Òfin mìíràn rọ́pò ti Bush ní oṣù Ọ̀pẹ 2015, ṣùgbọ́n ìdánwò ọdọọdún ṣì wà nínú rẹ̀.