Bí a ṣe ń fi glaucoma tó DVLA létí, àti ohun tó ń tẹ̀lé e

Ní Ìlú Ọba, bí dókítà bá ti sọ fún awakọ̀ pé glaucoma, àìsàn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́ díẹ̀díẹ̀, wà ní ojú rẹ̀ méjèèjì, awakọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni òfin ní kó fi tó DVLA létí. Ìlú Swansea ní Wales ni ilé iṣẹ́ ìjọba yìí fìdí kalẹ̀ sí, òun ló sì ń rí sí láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ ní England, Wales àti Scotland. Northern Ireland ní tiwọn, DVA lorúkọ rẹ̀. Ilé ìwòsàn kì í bá aláìsàn kọ lẹ́tà yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń dákẹ́ nítorí wọ́n rò pé dókítà ti ṣe é. Ìgbà tí dókítà tàbí oníṣègùn ojú máa ń kọ̀wé fúnra rẹ̀ ni ìgbà tó bá rí i pé aláìsàn kò yẹ lẹ́yìn ọkọ̀ mọ́, tó sì ti kìlọ̀ títí tí onítọ̀hún kọ̀ tó ń wa ọkọ̀ lọ.

Ẹni tó ń wa mọ́tò tàbí alùpùpù, tí glaucoma wà lójú rẹ̀ kan ṣoṣo, tí ojú kejì sì dá ṣáká, kò ní ohun tó fẹ́ sọ fún DVLA. Àmọ́ bí àìsàn mìíràn bá wà lójú kejì yẹn, tàbí tí wọ́n bá ti sọ fún un níbi àyẹ̀wò pé ìríran rẹ̀ kò tó ìwọ̀n tí òfin ìwakọ̀ béèrè, ó di dandan kó sọ. Ti awakọ̀ bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù ńlá le ju bẹ́ẹ̀ lọ: glaucoma lójú kan péré, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ. Kí awakọ̀ takisí náà má fọkàn balẹ̀ jù, torí ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń fún wọn níwèé àṣẹ ló ń fi òdiwọ̀n awakọ̀ bọ́ọ̀sì wọ̀n wọ́n.

Bí ojú ṣe ń ṣiṣẹ́ ló fà á tí òfin fi ya ojú kan sọ́tọ̀ kúrò lára ojú méjì. Iṣan tó ń gbé ohun tí a rí lọ sínú ọpọlọ ni glaucoma ń jẹ, ohun tó bá sì ti jẹ kì í padà, ìbáà jẹ́ pé oògùn ti sọ ìfúnpá inú ojú kalẹ̀. Kì í sábà bẹ̀rẹ̀ láti àárín gbùngbùn ìríran. Ẹ̀gbẹ́ ló ń bá wá, díẹ̀díẹ̀, láìsí ìrora. Níbi tí ojú ọ̀tún kò bá ti rí mọ́, ojú òsì a bá a rí i. Níbi tí méjèèjì kò bá ti rí, ọpọlọ a fi àwọ̀ àyíká dí àlàfo náà, onítọ̀hún kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan sọnù. Ìdí nìyí tí “mo ṣì ń ríran dáadáa” kò fi jẹ́ ẹ̀rí kankan. Ẹni tó ń ka ìlà tó kéré jù lọ lára pátákó dókítà lè má rí ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Fọ́ọ̀mù tí awakọ̀ mọ́tò àti alùpùpù ń lò ni V1. V1V ni ti bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù. A lè kọ ọ́ sínú ìwé ká fi ránṣẹ́, awakọ̀ mọ́tò àti alùpùpù sì lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń béèrè orúkọ àti àdírẹ́sì dókítà ìdílé àti ti oníṣègùn ojú tó ń tọ́jú ẹni náà nílé ìwòsàn, pẹ̀lú ìfọwọ́sí pé DVLA lè kọ̀wé sí wọn. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń dúró sójú kan. Àwọn kan kọ orúkọ dókítà ìdílé nìkan, ẹni tí kò ní ju lẹ́tà ilé ìwòsàn lọ nínú fáìlì rẹ̀. Àwọn mìíràn gbàgbé láti fọwọ́ sí ojú ewé ìyọ̀ǹda, wọ́n á dá fọ́ọ̀mù náà padà, oṣù á sì máa gorí oṣù. Ó dára kí ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́ tó fi ránṣẹ́.

Ẹni tó bá dákẹ́ lè san owó ìtanràn tó tó £1,000. Bí ìjàǹbá bá wá ṣẹlẹ̀, wọ́n lè gbé e lọ sílé ẹjọ́, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì náà sì lè kọ̀ láti sanwó. Ẹ̀rù pé láísẹ́ǹsì á bọ́ lọ́wọ́ wọn ló ń pa ọ̀pọ̀ lẹ́nu mọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó sọ ọ́ ni wọ́n ṣì ń wa ọkọ̀. DVLA kì í fi orúkọ àìsàn nìkan gba láísẹ́ǹsì. Èsì àyẹ̀wò ni wọ́n ń wò.

Wọ́n á ní kí onítọ̀hún lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníṣègùn ojú tí àwọn bá ṣe àdéhùn, DVLA ló sì ń sanwó rẹ̀. Àyẹ̀wò tí ibẹ̀ ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní Esterman, yàtọ̀ pátápátá sí ti ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn máa ń bo ojú kan, wọ́n á yẹ èkejì wò, àárín ìríran sì ni wọ́n ń ṣọ́. Ní Esterman, ojú méjèèjì ló là sílẹ̀. Ẹni náà á gbé àgbọ̀n sórí ẹ̀rọ, á tẹjú mọ́ iná kan láàárín, iná kéékèèké á sì máa tàn ní ojú ibi 120 káàkiri. Èyí tó bá rí, á tẹ bọ́tìnnì. Nítorí náà, ẹni tí ìwé ilé ìwòsàn rẹ̀ dúdú káàkiri lè yege ní Esterman bí àlàfo ojú ọ̀tún àti ti òsì kò bá bára wọn mu. Bí wọ́n bá ṣe kò ní ojú ibi kan náà, ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Fún mọ́tò àti alùpùpù, fífẹ̀ ìríran láti ọ̀tún dé òsì gbọ́dọ̀ tó dígírì 120, kó sì dé ó kéré tán dígírì 50 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Láàárín dígírì 20 tó yí ojúkò ìríran ká, wọ́n á fojú fo iná tí ẹni náà kò rí bí wọ́n bá wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan káàkiri, tàbí bí àwọn tó fara kan ara kò bá ju mẹ́ta lọ. Mẹ́rin tó fara kan ara ti pọ̀ jù. Mẹ́ta tó fara kan ara, pẹ̀lú òmíràn tó dá wà láàárín àgbègbè yẹn kan náà, òun náà kò kọjá. Yàtọ̀ sí èyí, awakọ̀ gbọ́dọ̀ lè ka nọ́ńbà ọkọ̀ láti mítà 20, kí ìríran rẹ̀ lórí pátákó sì tó 6/12 (ìyẹn ni pé kó rí láti mítà 6 ohun tí ojú tó dá ṣáká ń rí láti mítà 12), pẹ̀lú awò tó bá ń lò. Ti bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù ga gan-an: dígírì 160 ní fífẹ̀, 70 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 30 sókè àti 30 sísàlẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sí àlàfo kankan láàárín dígírì 30.

Kì í ṣe àìsàn nìkan ló ń ba èsì jẹ́. Férémù awò tó nípọn lè bo iná ẹ̀gbẹ́. A lè ṣe àyẹ̀wò náà láìwo awò bí ẹni náà bá ṣì rí iná dáadáa. Ìpéǹpéjú tó wó sílẹ̀ máa ń bo iná òkè. Àwọn kan kì í ṣẹ́jú rárá nítorí wọn kò fẹ́ kí iná kankan fò wọ́n, ojú á gbẹ, ìríran á sì ṣú. Ká máa ṣẹ́jú bá a ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ ló dára. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, bí bọ́tìnnì bá wà ní títẹ̀ mọ́lẹ̀, àyẹ̀wò á dúró díẹ̀ kí èèyàn sinmi. Ẹni tó bá wá ń tẹ bọ́tìnnì nígbà tí iná kò tàn náà ń tan ara rẹ̀ jẹ, torí bí irú àṣìtẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá ju 20 nínú 100 lọ, DVLA kò ní gba èsì náà. Kò sì bọ́gbọ́n mu láti lọ ṣe é lọ́jọ́ tí wọ́n kán oògùn tó ń la ẹyinjú sílẹ̀ sí èèyàn lójú.

Bí èsì bá dára, DVLA lè fi láísẹ́ǹsì náà sílẹ̀ bó ṣe wà, tàbí kí wọ́n fúnni ní èyí tí kò ju ọdún 1, 2, 3 tàbí 5 lọ, kí wọ́n tún yẹ ojú wò tó bá parí. Bí láísẹ́ǹsì bá parí nígbà tí ìwé ìbéèrè tuntun ṣì wà ní Swansea, abala 88 nínú òfin Road Traffic Act ti ọdún 1988 lè gba onítọ̀hún láyè láti máa wakọ̀ lọ, bí dókítà rẹ̀ bá gbà pé ó yẹ, tí kò sì jẹ́ pé wọ́n ti gba láísẹ́ǹsì rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí àìlera.

Àǹfààní yìí ló mú kó ṣe pàtàkì láti mọ ìyàtọ̀ láàárín kí èèyàn dá láísẹ́ǹsì padà fúnra rẹ̀ àti kí DVLA gbà á. Ẹni tó dá a padà nígbà tí dókítà ní kó ṣíwọ́ wíwakọ̀ ṣì lè lo abala 88 tó bá tún bẹ̀rẹ̀ fún òmíràn. Ẹni tí wọ́n gba tirẹ̀ kò lè fọwọ́ kan ọkọ̀ títí tí tuntun á fi dé.

Ẹni tí ìpinnu DVLA kò tẹ́ lọ́rùn lè pẹjọ́ láàárín oṣù 6 ní ilé ẹjọ́ májísíréètì ní England àti Wales, tàbí láàárín ọjọ́ 21 ní ilé ẹjọ́ sheriff ní Scotland. Kó tó náwó lé lọ́yà, kó kọ́kọ́ béèrè fún ìwé èsì Esterman rẹ̀, kó gbé e lọ bá oníṣègùn ojú tó ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀nà àkànṣe kan wà fún àwọn tí àlàfo ìríran wọn kò yí padà fún oṣù 12, ṣùgbọ́n ohun tí kì í pọ̀ sí i ló gbọ́dọ̀ ti fa àlàfo náà, glaucoma kò sì sábà bọ́ síbẹ̀. Bí oníṣègùn bá rí i pé èsì náà burú nítorí awò, ìpéǹpéjú tàbí àìmọ̀ọ́ṣe, lẹ́tà rẹ̀ lè mú kí wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe. Bí ojú bá sì ní katarákítì, ìyẹn kùrukùru tó ń bo dígí inú ojú, pẹ̀lú glaucoma, katarákítì náà máa ń sọ iná ẹ̀rọ di bàìbàì. Ẹni tí wọ́n bá ti bá yọ ọ́ kúrò lè tún bẹ̀rẹ̀ fún láísẹ́ǹsì, kó sì ṣe Esterman tuntun.