Layer: ọgbọ́n títo fọ́tò léra

Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá papòdà kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, àwọn onífọ́tò ilẹ̀ Yorùbá ní ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún láwọn ọdún 1970, èyí tó kù ni wọ́n máa ń yà, wọ́n á tẹ nẹ́gétíìfù (fíìmù tí kámẹ́rà ya àwòrán sí) kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, Táíwò àti Kẹ́hìndé á sì jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ akọ kan, abo kan ni, wọ́n á ya èyí tó kù nínú aṣọ ọkùnrin, wọ́n á tún yà á nínú aṣọ obìnrin.

Iṣẹ́ ńlá ni. Nínú yàrá dúdú, lábẹ́ iná pupa, onífọ́tò á fi páálí bo ìdajì pépà, á tan ìmọ́lẹ̀ gba inú nẹ́gétíìfù sórí ìdajì tó ṣí sílẹ̀, á wá gbé páálí bo apá tó ti tan ìmọ́lẹ̀ sí, kó tó tún tan án sí èkejì. Bí páálí bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà lẹ́ẹ̀mejì á dúdú, ibi tí kò dé á funfun báláú. Kò sì ní mọ̀ àfi ìgbà tí pépà bá wọ kẹ́míkà. Ó di kó mú pépà mìíràn.

Ní ti layer, ìyẹn ìpele tí a ń tò léra nínú fọ́tò lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣe bíi pé ẹ tẹ́ ọ̀rá tó mọ́ gaara lé fọ́tò, tí ẹ wá ya nǹkan sórí ọ̀rá náà: bí kò bá wù yín, ẹ ká a kúrò. Ọdún 1990 ni Photoshop, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, jáde, ṣùgbọ́n 1994 ni layer tó wọ inú rẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, ohun tí ẹ bá lẹ̀ mọ́ fọ́tò ti di ara rẹ̀ nìyẹn, bíi ti pépà gẹ́lẹ́.

Ní báyìí, Táíwò á wà lórí layer tirẹ̀, Kẹ́hìndé lórí tirẹ̀, àga á wà nísàlẹ̀. Ẹ lè tan ìmọ́lẹ̀ sójú Kẹ́hìndé láì fọwọ́ kan Táíwò. Mask, ìbòjú tí ẹ máa fi sórí layer, ló rọ́pò páálí: ibi tí ẹ bá kùn ní dúdú lórí rẹ̀ á fara pamọ́, ibi funfun á hàn, ẹ sì lè tún un kùn lọ́la. (Lójú tèmi, ẹni tó fi páálí ṣe é láìsí àlà láàárín ṣì jù wá lọ.)

Ibi tó ti ń já ọ̀pọ̀ kulẹ̀ rèé: JPEG, irú fáìlì fọ́tò tó wọ́pọ̀, máa ń lẹ gbogbo layer pọ̀ di ẹyọ kan. Ẹ kọ́kọ́ fi iṣẹ́ pamọ́ sí PSD, fáìlì Photoshop tí kì í lẹ layer pọ̀, kí ẹ tó ṣe JPEG tí ẹ máa fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Bí ìyá ìbejì bá pè pé kí ẹ sún wọn mọ́ra díẹ̀ sí i, PSD yẹn lẹ máa ṣí.