Ìgbà wo ni ìgò ọtí ṣí lójú òfin Amẹ́ríkà?

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọtí tó ti ṣí wà níbi tí èèyàn ń jókòó sí nínú mọ́tò. Ní Louisiana, èèyàn lè wa mọ́tò dé ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, kó ra daiquiri, ọtí oníyìnyín tó dùn bí omi èso, kó sì bá tirẹ̀ lọ láìsọ̀kalẹ̀. Wọ́n á dé ife náà pa, wọ́n á wá fún un ní sítírọ́ọ̀, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń fa nǹkan mu, lọ́tọ̀. Bó bá wà bẹ́ẹ̀, kò ṣí. Àmọ́ tó bá ti ki sítírọ́ọ̀ bọ ihò orí ìdérí, ó ti ṣí nìyẹn, kódà bí kò tíì fà á mu rárá. Òfin ìpínlẹ̀ náà dárúkọ sítírọ́ọ̀ ní tààrà.

Ẹ̀ṣẹ̀ pé èèyàn mutí yó tó tún wakọ̀ wà láyè tirẹ̀. Òfin ìgò ṣíṣí yìí, ìgò ló ń ṣọ́. Ní Texas, bí èdìdì bá ti já, ìgò ti ṣí, ẹ ò báà dé e padà kó le koko. Ká ní ẹnì kan ń ti òde ìdána bọ̀ ní Houston, ó wá gbé schnapps tó ṣẹ́kù ìdajì sábẹ́ ẹsẹ̀ níwájú. Kò tọ́ ọ wò, mọ́tò sì dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì: ẹ̀sùn ni, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè tó 500 dọ́là. Inú búùtù ló yẹ kó wà. Bí mọ́tò ò bá ní búùtù, kó wà lẹ́yìn ìjókòó tó kẹ́yìn pátápátá.

Ọdún 1933 ni ọ̀rọ̀ ti di olóríjorí, nígbà tí àtúnṣe kọkànlélógún sí ìwé òfin Amẹ́ríkà fagi lé èèwọ̀ ọtí tó ti wà káàkiri láti 1920. Agbára bọ́ sọ́wọ́ ìpínlẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbé e fún ìjọba ìbílẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní Lynchburg, Tennessee, tí wọ́n ti ń pọn wiskí Jack Daniel's, àmọ́ tí wọ́n fòfin de ọtí títà, àfi ìgbà tí òfin àkànṣe dé kí ilé iṣẹ́ náà tó lè ta ìgò kan fún àlejò nínú ọgbà ara rẹ̀.

Owó títì, ìyẹn owó tó ń fún wọn láti fi ṣe ọ̀nà, ni ìjọba àpapọ̀ fi ń mú àwọn ìpínlẹ̀. Lọ́dún 1984, èyí tó bá jẹ́ kí ọmọ tí kò tó ọdún 21 ra ọtí yóò pàdánù nínú owó náà. Gbogbo wọn ló gbà. Ti ìgò ṣíṣí, lọ́dún 1998, rọjú díẹ̀: wọn ò gba owó náà, wọ́n kàn ń darí apá kan rẹ̀ sí ètò ààbò ojú pópó. Mississippi ò mira. Bí awakọ̀ bá di bíà ṣíṣí mú níbẹ̀, òfin ìpínlẹ̀ ò mú un, bí kò bá tíì kọjá ìwọ̀n ọtí tó yẹ kó wà nínú ẹ̀jẹ̀, àyàfi bí ìlú tó ń gbà kọjá bá ṣòfin tiẹ̀.

Ẹlẹ́sẹ̀ ńkọ́? Ní New Orleans, ó lè máa mutí rìn nígboro, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ di ìgò gíláàsì mú. Nítorí náà, bí oníbàárà bá ń jáde, olùtajà á kàn da bíà rẹ̀ sínú ife ike fún un lẹ́nu ọ̀nà.