Kílò nìkan kò tó: bí a ṣe ń ṣírò BMI

Ẹni tó bá ti gun òṣùwọ̀n lọ́dọ̀ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tó máa ń bi wá ni pé, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ṣé kò ti pọ̀ jù báyìí?" A ò lè dáhùn láìmọ bó ṣe ga tó. Kílò 78 kò burú lára ọkùnrin tó ga ní mítà 1.80. Lára obìnrin tó ga ní mítà 1.60, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

BMI ni ìṣirò tó ń fi kílò èèyàn wé gíga rẹ̀. Ẹ mú fóònù yín. Ẹ tẹ kílò yín, ẹ fi gíga yín ní mítà pín in, kí ẹ tún fi gíga kan náà pín ohun tó bá yọ. Bí a bá fi 1.60 pín 78, ó di 48.75, ẹ tún fi 1.60 pín ìyẹn, ó di 30.5. Ti ọkùnrin yẹn á jẹ́ 24.1. Lójú Àjọ Ìlera Àgbáyé, 18.5 sí 24.9 ló dára fún àgbàlagbà. Tí kò bá tó 18.5, ara ti rù jù. Láti 25 ó ti ń kọjá ààlà. Láti 30 lọ sókè, àsanrajù ni.

Gíga gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Téèpù télọ̀ sábà máa ń parí sí ínṣì 60, kò lè ká ẹni tó ga ju ìyẹn lọ. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ tú gèlè, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹnìkan gbé ìwé líle lé yín lórí, kó sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri. Láti ilẹ̀ dé ibi àmì yẹn lẹ ó wọ̀n. (Ẹ̀yin àgbà, ẹ má gbára lé gíga tẹ́ ẹ ti mọ̀ láti ìgbà èwe, ara a máa sún kì.)

Quetelet, ọmọ ilẹ̀ Belgium tó gbé ìṣirò yìí kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1830, kì í ṣe dókítà. Ìwọ̀n ará ìlú lápapọ̀ ló ń wá, kì í ṣe àìsàn ẹnìkan. A kì í sì fi í wọn aláboyún. Tàwọn ọmọdé náà sì lọ́tọ̀, torí ọjọ́ orí wọn wọ inú ẹ̀. Alábàárù tó ń gbẹ́rù ní Takie nílùú wa níbí lè jẹ́ 27 kó jẹ́ iṣan lásán. Ẹlòmíì jẹ́ 24, ikùn rẹ̀ ti yọ síwájú. Ikùn yẹn lèmi ń bẹ̀rù jù, torí ọ̀rá inú ibẹ̀ ló ń bá ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru rìn. Ẹ fi téèpù yí ikùn ká, kí ẹ wọ̀n ọ́n lágbedeméjì egungun ìhà tó kẹ́yìn àti egungun ìbàdí, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá mí síta. Ẹ má fa ikùn wọlé o! Kí tobìnrin má kọjá sẹ̀ǹtímítà 80, tọkùnrin 94.

Tó bá jẹ́ 30 ló yọ, a ò ní kẹ́ ẹ di 24 lóṣù kan. Kí obìnrin oní-kílò 78 yẹn kọ́kọ́ sọ kílò 4 nù. Ìyẹn nìkan ti tó láti mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀. N ò sì lè dúró ní ìlú tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, kí n ní kẹ́ ẹ má jẹ ọkà. Ẹ dín òkèlè kù, kí ewédú pọ̀ sí i, kó má sì jẹ́ pé ẹ̀yìn aago mẹ́wàá alẹ́ lẹ ó máa gbé e kalẹ̀.