Ìràwọ̀ tó ń hàn lójú maṣíìnì fax ò bo kóòdù yín

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń jẹ mí lọ́kàn ọjọ́ ti pẹ́, mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Tẹ́ ẹ bá ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ní maṣíìnì fax rí, ìyẹn èyí tó ń gba orí láìnì tẹlifóònù fi ìwé ránṣẹ́, yálà èyí tó dá dúró tàbí èyí tó wà lára fọ́tòkọ́pì ńlá, ẹ máa ti gbọ́ ọ pé kóòdù téèyàn bá tẹ̀ sí i, òun àti maṣíìnì nìkan ló mọ̀ ọ́n, ṣebí ìràwọ̀ ló ń jáde lójú ẹ̀ béèyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ẹni tó dúró lẹ́yìn ò lè kà á. Kì í ṣe àwọn tí ò mọṣẹ́ ló ń sọ ọ́ o. Sẹ́kẹ́tárì tó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ń sọ ọ́, akáǹtáǹtì ń sọ ọ́, ọ̀gá pátápátá náà ń sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ìràwọ̀ yẹn, ojú ẹni tó dúró síbẹ̀ nìkan ló ń dí. Kò dí ojú pépà, kò dí etí, kò sì dé inú maṣíìnì fúnra ẹ̀.

Mo fi ọdún tó pọ̀ tún maṣíìnì ọ́fíìsì ṣe n'Íbàdàn. Nígbà tí láìnì NITEL ṣì wà, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì kan, wọ́n ní pépà há sínú fax àwọn. Mo ṣí i, mo rọra fa pépà náà jáde, ó ti rún, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ sórí tábìlì torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá lẹ́tà tí wọ́n ń retí ni. Kì í ṣe lẹ́tà. Rìpọ́ọ̀tù ni, èyí tí maṣíìnì máa ń tẹ̀ jáde fúnra ẹ̀ láti ka gbogbo ibi tí wọ́n ti fi fax ránṣẹ́ sí. Ọgbọ̀n ìlà, ọjọ́, aago, nọ́ńbà, iye ojú ìwé, OK. Níbi nọ́ńbà, 9 tí wọ́n fi ń gba láìnì ìta ló ṣáájú, kóòdù onínọ́ńbà márùn-ún tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà 009 tá a fi ń pe òkè òkun láyé ìgbà yẹn, lẹ́yìn náà 44 àti nọ́ńbà kan ní London. Kóòdù yẹn kan náà tún wà ní ìlà kejì, ó wà ní ìlà karùn-ún, ó wà ní ìkẹsàn-án. Ọ̀gá wọn dúró tì mí, ó wò ó, ó ní, "Báwo ni nọ́ńbà mi ṣe débí? Ṣebí ìràwọ̀ ló máa ń hàn." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, ìràwọ̀ ló ń hàn tẹ́ ẹ bá fi ṣí maṣíìnì. Àmọ́ ẹ tún ń fi kóòdù yẹn kan náà gba láìnì òkè òkun, ìyẹn maṣíìnì ò mọ̀ pé àṣírí ni."

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé wọ́n ti ń fura sí ọmọkùnrin kan tó ń bá wọn jíṣẹ́, oṣù mẹ́ta ni bíìlì tẹlifóònù ti ń wọlé gọbọi, wọ́n ní òun ló ń yọjú wo ìka ọ̀gá. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká wo inú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Rìpọ́ọ̀tù mẹ́fà ló wà níbẹ̀, kò sí èyí tí wọ́n ya. Gbogbo ẹni tó bá wọ yàrá yẹn ló lè ka kóòdù náà, àti ẹni tó ń gbálẹ̀, àti ẹni tó wá ta omi, kò sẹ́ni tó nílò kó yọjú wo ìka ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dà rú gan-an nìyí, ẹ jẹ́ kí n farabalẹ̀ sọ ọ́. Kóòdù tá à ń lò nídìí fax kì í ṣe oríṣi kan. Ọ̀kan wà tí maṣíìnì fúnra ẹ̀ ń béèrè kó tó gbà yín láyè, wọ́n máa ń fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀ kí wọ́n lè mọ iye tí ẹ̀ka ná. Èyí, maṣíìnì mọ̀ pé kóòdù ni, ìdí nìyẹn tó fi ń fi ìràwọ̀ bò ó. Òmíràn wà tí PABX ń béèrè, ìyẹn àpótí tó ń pín láìnì tẹlifóònù káàkiri ọ́fíìsì, kó tó jẹ́ kẹ́ ẹ pe ìta tàbí òkè òkun. Lójú fax, kóòdù PABX yìí ò yàtọ̀ sí nọ́ńbà tẹlifóònù, nǹkan tí wọ́n tẹ̀ kó pè ni, ó pè é, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe kọ nọ́ńbà yòókù sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé nọ́ńbà márùn-ún tó wà láàárín ni kó gbé pamọ́. Àwọn tó bá ń fi káàdì ìpè pe òkè òkun náà ń kó sínú wàhálà kan náà, PIN káàdì á hàn gbangba lórí rìpọ́ọ̀tù.

Tẹ́ ẹ bá wá lọ fi nọ́ńbà àti kóòdù pọ̀ sórí bọ́tìnì kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ má baà máa tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ó tún burú sí i. Ẹnikẹ́ni lè ní kí maṣíìnì tẹ ìwé gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí bọ́tìnì jáde, kóòdù á bá a jáde. Bọ́tìnì REDIAL náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ wo ojú maṣíìnì, ẹ máa rí nọ́ńbà tí ẹni tó ṣáájú yín pè látòkèdélẹ̀.

Ẹlòmíì á ní òun ò tiẹ̀ kí ń jẹ́ kí maṣíìnì tẹ rìpọ́ọ̀tù. Ó dáa, ṣé ẹ pa spíkà ẹ̀? Ìró pí-pí-pí tó ń dún tí fax bá ń pe nọ́ńbà, kì í ṣe ariwo lásán, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn méjì tó ń jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. 1 jẹ́ 697 àti 1209 hertz (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó), 5 jẹ́ 770 àti 1336 hertz, bẹ́ẹ̀ ni títí dé 0. Kárí ayé, bákan náà ni. Tẹ́nì kan bá jókòó síbẹ̀ tó ń fi fóònù gba ohùn sílẹ̀, ààpù ọ̀fẹ́ wà tó lè ka nọ́ńbà náà jáde fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé ògiri létí, nínú ọ̀rọ̀ fax ògiri gan-an lètí wà.

Èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù tí mo bá fi hàn wọ́n ni ríbọ́ọ̀nù. Àwọn fax kan wà, bíi oríṣi KX-FP ti Panasonic, tó ń lo fíìmù dúdú tó fẹ̀ tó pépà, wọ́n ká a mọ́ ọ̀pá méjì. Maṣíìnì á fi ooru yọ dúdú ara fíìmù náà lé pépà, ibi tó bá ti yọ á mọ́ gaara, fíìmù á sì yí síwájú, kì í lo ojú kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ mú èyí tí wọ́n ti lò, ẹ nà án níwájú fèrèsé. Ẹ máa rí i pé gbogbo lẹ́tà tó wọlé látọjọ́ tí wọ́n ti fi fíìmù yẹn sí i ló wà níbẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, ọ̀rọ̀ ń tàn láàárín dúdú bí ìgbà tí oòrùn ń gba inú asẹ́ kọjá. Ìwé báńkì wà níbẹ̀, orúkọ aláìsàn wà níbẹ̀, iye owó oṣù wà níbẹ̀. Rìpọ́ọ̀tù yẹn náà wà níbẹ̀! Torí orí fíìmù yẹn kan náà ló ti tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ tiẹ̀ ti ya rìpọ́ọ̀tù sí wẹ́wẹ́, kóòdù ṣì wà nínú ríbọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ fún ọmọ pé kó lọ dà nù. Mo ti rí i níbi tí ríbọ́ọ̀nù wà lórí àkìtàn, tó nà gbọọrọ, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ, tẹ́nikẹ́ni tó ń kọjá sì lè dúró kà á.

Àwọn tó mọ̀ díẹ̀ sí i á sọ pé àwọn ń lo àpótí àṣírí, ìyẹn èyí tí lẹ́tà máa ń wọ̀ sí tí kò ní jáde àfi tẹ́ni tó ni ín bá tẹ PIN. Nǹkan gidi ni, mo fọwọ́ sí i, ó ń gbà yín lọ́wọ́ lẹ́tà tó ń sùn sórí maṣíìnì mọ́jú. Àmọ́ ẹ má gbé e ju bó ṣe mọ lọ. Ìlànà T.30 tí ITU, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, ṣe ni fax fi ń bá fax sọ̀rọ̀, ó ní àyè tí wọ́n lè fi páswọ́ọ̀dù sí, tó lè gba nọ́ńbà ogún, ṣùgbọ́n gbangba ló ń gba orí láìnì lọ, wọn ò dì í. Ẹni tó bá ti fara mọ́ wáyà yín ti gbọ́ ọ.

Kí ló wá dé tí ìgbàgbọ́ yìí fi lágbára tó bẹ́ẹ̀? Mo rò pé torí fax ò jọ kọ̀ǹpútà lójú wa ni. Orí láìnì tẹlifóònù ló wà, kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà a gbà pé ọwọ́ ọ̀daràn ò lè tó o. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, àwọn olùwádìí Check Point, ilé iṣẹ́ tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà, fi hàn níbi DEF CON, ìpàdé àwọn tó ń wá ibi tí ààbò kọ̀ǹpútà ti ń jò, ní Las Vegas pé nọ́ńbà fax nìkan tó láti gba àkóso maṣíìnì HP Officejet, wọ́n fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí i bí ẹni fi fax lásán ránṣẹ́, wọ́n sì gba ibẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà tó so mọ́ ọn. HP ti ṣe àtúnṣe fún un, ṣùgbọ́n maṣíìnì tẹ́nikẹ́ni ò fi àtúnṣe sí ṣì wà bó ṣe wà.

Ẹ má sì sọ pé ta ló tún ń lo fax. Ní England, wọ́n ní kí NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, má ra fax tuntun mọ́ láti oṣù kìíní ọdún 2019, wọ́n sì fẹ́ kó kúrò nílẹ̀ pátápátá ní 31 oṣù kẹta ọdún 2020. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, tàbí tó jókòó síwájú ní kíliníìkì, wọ́n á sọ fún yín pé ojoojúmọ́ ni fax ń dún níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ ni mò ń bá wí jù.

Ìgbàgbọ́ kejì tó jẹ́ ìbejì èyí ni pé tí wọ́n bá ti yọ wáyà maṣíìnì, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ti parẹ́. Rárá o. Fọ́tòkọ́pì ńlá tó ń ṣe fax, ọ̀pọ̀ ló ní hard disk nínú, ibi tó ń kó ìwé pamọ́ sí, bíi ti kọ̀ǹpútà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, CBS News ra mẹ́rin tó jẹ́ àlòkù ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní New Jersey, nǹkan bí 300 dọ́là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n yọ hard disk wọn. Ìwé àwọn ọlọ́pàá ìlú Buffalo jáde látinú méjì, ìwé ìtọ́jú aláìsàn jáde látinú èyí tó jẹ́ ti Affinity Health Plan, ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ìlera kan, tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2013 Affinity san 1,215,780 dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní àwọn tí àṣírí wọn lè ti tú tó 344,579. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ fọ́tòkọ́pì tá à ń lò nílẹ̀ wa, ní Ṣómólú, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, tòkunbọ̀ ni. Ohun tí ọ́fíìsì ẹlòmíì fi sínú ẹ̀ lè wà níbẹ̀ tí ẹ̀ ń fi í ṣiṣẹ́, tiyín náà á sì bá a lọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tà á.

Ohun tí mo máa ń ní káwọn èèyàn ṣe nìyí. Kóòdù tẹ́ ẹ fi ń ṣí maṣíìnì àti èyí tẹ́ ẹ fi ń gba láìnì, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọ̀kan. Ẹ má lo kóòdù tí maṣíìnì bá wá láti ilé iṣẹ́, inú ìwé àlàyé ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, ọmọdé lè wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ ní kí ẹni tó ń bójú tó PABX fún láìnì tí fax wà lórí ẹ̀ láyè láti pe ibi tó yẹ nìkan, kó má sí pé ẹ̀ ń tẹ kóòdù lórí fax rárá, èyí ló dáa jù nínú gbogbo ẹ̀. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ wo ìwé maṣíìnì yín bóyá ó ní ọ̀nà tẹ́ ẹ lè gbà bo apá kan nínú nọ́ńbà. Àwọn Xerox kan wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fi àmì / ṣáájú kóòdù tẹ́ ẹ tún fi / sẹ́yìn ẹ̀, ìràwọ̀ ló máa hàn níbẹ̀. Ẹ pa ohùn spíkà. Ẹ yan ẹnì kan tí rìpọ́ọ̀tù á máa dé ọwọ́ ẹ̀, kó má máa wà nílẹ̀ títí. Kẹ́ ẹ sì yí kóòdù padà nígbà tẹ́nì kan bá fiṣẹ́ sílẹ̀, lọ́jọ́ náà gan-an, kó má jẹ́ oṣù tó ń bọ̀.

Ríbọ́ọ̀nù, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́ látorí ọ̀pá, àlùmọ́gàjí ń gé e dáadáa, ẹ má wulẹ̀ sun ún nínú ilé torí èéfín ẹ̀ ò dáa. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ta fọ́tòkọ́pì, ẹ wo inú mẹ́nù ẹ̀ bóyá ó lè nu hard disk fúnra ẹ̀, tí kò bá ní i, ẹ pe ẹni tó ń tún un ṣe kó yọ ọ́ lójú yín, sukúrúù díẹ̀ ló dè é mọ́ ibẹ̀, kẹ́ ẹ gbà á sọ́wọ́ kí wọ́n tó gbé èyí tó kù sínú mọ́tò.