Ibi tí títo ọ̀pá gọ́ọ̀fù sínú báàgì ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ wo báàgì gọ́ọ̀fù òde òní, ojúlé 14 tí wọ́n ń ki ọ̀pá bọ̀, àpò bọ́ọ̀lù lọ́tọ̀, àpò aṣọ òjò lọ́tọ̀, ibi ìfi-agbòjò-sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, èèyàn á rò pé bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Rárá o. Eré yìí ti pẹ́ ní Skọ́tláǹdì débi pé lọ́dún 1457 ìjọba ọba James Kejì fòfin dè é torí àwọn ọkùnrin ò ráyè kọ́ ọfà títa mọ́, ọdún 1744 làwọn tó ń gbá a ní Leith kọ òfin 13 sílẹ̀, síbẹ̀ ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn òfin yẹn kí báàgì tó yọjú rárá. Kádì ló ń há gbogbo ọ̀pá mọ́ abíyá bí ẹni tó ń ti oko igi bọ̀, ó ń tẹ̀ lé ọ̀gá ẹ̀ kiri pápá.

Ó sì ṣeé ṣe nígbà yẹn torí ọ̀pá ò pọ̀, igi ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá jẹ́ awọ tí wọ́n ki ìyẹ́ sínú ẹ̀, owó gọbọi ni wọ́n ń rà á, tí irin bá sì gbá a kò dáa ó ti ya nìyẹn. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù gutta-percha dé lọ́dún 1848, oje igi ni wọ́n fi ṣe é, ó le dáadáa, kò bẹ̀rù irin, lọ̀rọ̀ bá yí padà. Ọ̀pá irin wá ń pọ̀ sí i, cleek, mashie, niblick, abíyá kádì ò wá gbà á mọ́.

Àmọ́ òjò gan-an ló bí báàgì. Awọ ni wọ́n ń wé mọ́ ibi tí wọ́n ti ń di ọ̀pá mú, tí awọ yẹn bá ti rin ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́ ni, bọ́ọ̀lù á gba ibòmíì lọ. Ìtàn táwọn èèyàn máa ń sọ jù ni pé ní Westward Ho! lápá Devon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù sílẹ̀ lọ́dún 1864, ẹnì kan tó mọ aṣọ ọkọ̀ ojú omi rán ló fi tapólì rán àpò gígùn kan kí omi má bàa kan ọ̀pá. Ẹnu kan ṣoṣo ni báàgì ìgbà yẹn ní, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ẹ kàn máa da gbogbo ẹ̀ sínú ẹ̀ ni. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ kankan ò sí níbẹ̀.

Nǹkan tó mú ìtòlẹ́sẹẹsẹ wá lójú tèmi ni nọ́ńbà. Nígbà tó jẹ́ igi hickory ni ara ọ̀pá, kò sí méjì tó bára mu, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, èèyàn á ra ọ̀kan níbí á ra ọ̀kan lọ́hùn-ún títí tí yóò fi rí èyí tó bá ọwọ́ ẹ̀ mu, orúkọ lásán ni wọ́n sì ń jẹ́. Ta ló fẹ́ mọ̀ bóyá mashie ló yẹ kó ṣáájú niblick bí kò bá ṣe kádì tó ti ń gbé e fún ọdún gbọọrọ? Ìgbà tí USGA, àjọ tó ń ṣòfin gọ́ọ̀fù ní Amẹ́ríkà, gbà kí ara ọ̀pá jẹ́ irin dípò igi lọ́dún 1924, tí R&A (àjọ tó ń ṣòfin ẹ̀ láti Skọ́tláǹdì) náà wá gbà á lọ́dún 1929, ilé iṣẹ́ wá lè ṣe ọ̀pá tó jọra wọn, wọ́n ń tà á ní sẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà wà lára ẹ̀. Ọmọdé pàápàá mọ̀ pé 5 wà láàárín 4 àti 6.

Ṣùgbọ́n wọ́n tún wá ki àṣejù bọ̀ ọ́. Lawson Little, tó gba ife àwọn Amateur (àwọn tí kì í gbowó gbá a) ti Bìrìtìkó àti ti Amẹ́ríkà lọ́dún 1934 àti 1935, ọ̀pá tó ń kó rìn lé ní 20, kádì ló ń fi èjìká jìyà ẹ̀. Gene Sarazen ní tiẹ̀, nígbà tó gbé sand wedge tuntun tó ṣe, ìyẹn ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù jáde nínú yanrìn, lọ sí Open, ìdíje ńlá ilẹ̀ Bìrìtìkó, ọdún 1932 ní pápá Prince's, òun fúnra ẹ̀ sọ pé ńṣe lòun dorí ẹ̀ kodò sínú báàgì kí àwọn aláṣẹ má bàa rí i kí wọ́n sì fòfin dè é. Ó gba ife náà. Lọ́dún 1938 USGA ní kò gbọdọ̀ ju ọ̀pá 14 lọ, R&A tẹ̀ lé wọn lọ́dún 1939, àtìgbà yẹn ni èèyàn ti ní láti jókòó ro ohun tó fẹ́ kó sínú báàgì àti ohun tó máa fi sílé. Òfin tó dáa jù nínú eré yìí nìyẹn, mo dúró lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì rò pé kékeré ni, ẹ bi Ian Woosnam, ọjọ́ ìkẹyìn Open ọdún 2001 ní pápá Royal Lytham, ó wà lára àwọn tó ń ṣáájú, ó gbá ihò àkọ́kọ́ dáadáa, àfi bí wọ́n ṣe dé ihò kejì tí kádì ẹ̀ rí i pé driver, ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà jù, méjì ló wà nínú báàgì, ọ̀pá di 15, wọ́n bá fi gbígbá méjì kún iye tó ti gbá lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó gbá a kéré jù ló ń borí.

Ojúlé inú báàgì, ọ̀ràn graphite ló jẹ́ kó di dandan. Láti àwọn ọdún 1970 ni ara ọ̀pá graphite, tí wọ́n fi okùn kábọ́ọ̀nù ṣe dípò irin, ti ń wọlé, ó fúyẹ́ àmọ́ tí orí irin bá ń gbá a ní gbogbo ìgbà téèyàn bá ń rìn, ọ̀dà ara ẹ̀ á máa bó, torí náà wọ́n dá ojúlé sí i kóówá wà láyè ara ẹ̀. Lọ́dún 1986 Sun Mountain ní Montana gbé báàgì tó ní ẹsẹ̀ méjì jáde, ẹ gbé e sílẹ̀ ẹsẹ̀ á yọ, kò ní dùbúlẹ̀ sínú koríko tútù mọ́. Báàgì tó bá dúró báyẹn máa ń fì sẹ́yìn díẹ̀, torí náà ó ní òkè ó ní ìsàlẹ̀: driver àtàwọn ọ̀pá gígùn lókè, áyọ́ọ̀nù (àwọn ọ̀pá olórí irin) láàárín ní nọ́ńbà nọ́ńbà, wedge tó kúrú nísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi àwọn gígùn sísàlẹ̀, orí wọn á bo ti àwọn kúkúrú mọ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fa wedge yọ á kọ́kọ́ lọ mọ́ wọn lórí. Putter, èyí tí wọ́n fi ń rọra ti bọ́ọ̀lù sínú ihò, nìkan ni kò bá wọn tò, òun lẹ máa ń mú jù, ibi ìdìmú tiẹ̀ náà sì ti wá sanra ju tàwọn yòókù lọ láyé ìsìnyí, ìyẹn ló fà á tí ọ̀pọ̀ báàgì tuntun fi ń ṣe ihò ńlá kan lọ́tọ̀ fún un.