Ìgbáròkó tó ń han: bí John Charnley ṣe rí oríkèé àtọwọ́dá tó ń pẹ́ lára

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ England tí wọ́n ti yọ orí eegun itan rẹ̀ tó ti bàjẹ́, tí wọ́n sì fi ti ike rọ́pò rẹ̀. Ìrora lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wàhálà mìíràn dé. Bó bá ti tẹ̀ síwájú nídìí tábìlì oúnjẹ báyìí, ìgbáròkó rẹ̀ á han, débi pé ìyàwó rẹ̀ á dìde kúrò nínú yàrá. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà tọ dókítà eegun kan tó ń jẹ́ John Charnley lọ. Charnley gbọ́ ọ, ó sì ronú sí i. Ohun méjì tó bá ń yọ̀ lórí ara wọn kì í han. Bí oríkèé yìí bá ń han, a jẹ́ pé ó ń há, tí ó bá sì ń há, kò lè pẹ́ tí yóò fi tú.

Láti inú ẹjọ́ ọkùnrin yìí ni púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ dáhùn nísàlẹ̀ yìí ti ṣẹ̀.

Ta ni Charnley yìí?

Ìlú Bury ní Lancashire ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1911. Apoògùn ni bàbá rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Manchester, ó sì gboyè ní 1935. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wọ iṣẹ́ dókítà ológun. Ó wà níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ọmọ ogun kúrò ní Dunkirk, ní etíkun ilẹ̀ Faransé, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e lọ sí Íjíbítì, níbi tí òun àti àwọn oníṣẹ́ irin ti jọ ń ṣe ohun èlò tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ àti apá tó dá. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò nídìí irin àti ẹ̀rọ mọ́ láti ìgbà náà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nípa rẹ̀. Lẹ́yìn ogun, ó fẹ́ mọ bí eegun tí a bù láti ibì kan lọ sí ibòmíràn ṣe ń mú. Ó ní kí dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan bu eegun lójúgun òun fúnra òun. Ojú ọgbẹ́ náà gba kòkòrò àrùn, ó sì di ohun tí wọ́n tún ń ṣiṣẹ́ abẹ sí. Ẹ̀kọ́ yẹn ìbá tó ẹlòmíràn. Òun tún padà ṣe irú rẹ̀, bí ẹ ó ṣe rí i níwájú.

Kí ló ń bàjẹ́ nínú ìgbáròkó gan-an?

Orí eegun itan rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, ó sì wọ inú ihò kan lára eegun ìbàdí. Ohun rírọ̀ kan tó ń dán bo ojú eegun méjèèjì, òun ló ń jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀ lórí ara wọn. Bí làkúrègbé tàbí ọjọ́ orí bá jẹ ẹ́ tán, eegun á máa lọ eegun. Ẹni náà kò ní lè rìn, kò sì ní lè sùn.

Kí ni ìhan yẹn wá kọ́ ọ?

Charnley wọn bí oríkèé ènìyàn ṣe ń yọ̀ tó. Ó rí i pé ó ń yọ̀ ju bàtà onírin tí wọ́n fi ń sáré lórí yìnyín lọ. Kò sí irin kankan tó lè yọ̀ lórí irin tó bẹ́ẹ̀. Ike tó wà lórí eegun ọkùnrin yẹn ń di ihò eegun mú ni, tó bá sì ti dì í mú, gbogbo agbára ìgbésẹ̀ á máa fa ìdí ike náà nínú eegun. Bó ṣe ń fà á lójoojúmọ́, ó ń tú u díẹ̀díẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti pinnu pé ihò àti orí ni òun máa pààrọ̀ pọ̀, kí ọ̀kan jẹ́ irin, kí èkejì jẹ́ ike tó ń yọ̀.

Kí ló dé tó fi yan orí kékeré, nígbà tí ti ènìyàn tóbi?

Èyí máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, òun ni mo sì kà sí ọgbọ́n rẹ̀ tó jinlẹ̀ jù lọ. Ẹ wo ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá fi ọwọ́ tì í ní etí, ó rọrùn láti yí. Bí ẹ bá tì í lẹ́bàá ìdè rẹ̀, ẹ ó ṣe é tì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìhá inú oríkèé: bí ojú tó ń há bá jìnnà sí àárín bọ́ọ̀lù, ó ní agbára púpọ̀ láti yí ihò ike náà kúrò ní ìdí rẹ̀. Bó bá sún mọ́ àárín, agbára rẹ̀ dínkù. Charnley bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orí tó ju mìlímítà 40 lọ, ó ń dín in kù, títí ó fi dúró sí bíi mìlímítà 22. Ó tún wá jẹ́ àǹfààní pé bí orí bá kéré, àyè wà fún ike tó nípọn. Ohun tó ná an ni pé orí kékeré rọrùn láti yẹ̀ kúrò nínú ihò, nítorí náà iṣẹ́ abẹ náà gbọ́dọ̀ péye.

Ṣé símẹ́ǹtì ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ eegun?

Símẹ́ǹtì ni à ń pè é, ṣùgbọ́n kì í lẹ nǹkan. Ọ̀dọ̀ Dennis Smith, ọ̀mọ̀wé ní ilé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú eyín ní Manchester, ni Charnley ti gbọ́ nípa rẹ̀. Irú ohun tí wọ́n fi ń ṣe eyín àtọwọ́dá ni. Lúbúlúbú àti omi ni wọ́n ń pò pọ̀, á gbóná, á sì le láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó máa ń ráyè wọ gbogbo ihò kéékèèké inú eegun, kí ẹrù ara lè tẹ gbogbo ojú eegun dọ́gba dípò kó máa tẹ ibì kan ṣoṣo, bí àmọ̀ tó wà láàárín bíríkì méjì. Láti 1958 ló ti ń lò ó.

Ṣé òótọ́ ni pé ó kọ́kọ́ fi Teflon ṣe ihò náà?

Òótọ́ ni. Kò sí ohun tó ń yọ̀ bíi Teflon, èyí tí wọ́n fi ń bo inú ìkòkò kí oúnjẹ má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Láti 1958 ló ti ń fi sí ara àwọn aláìsàn, tí iye wọn sì tó bí 300. Àwọn tó ń jẹ̀rora fún ọdún púpọ̀ dìde, wọ́n rìn. Inú gbogbo ènìyàn dùn.

Láàárín ọdún mélòó kan, ìrora padà. Orí irin ti ń gbẹ́ Teflon náà lọ, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì kún inú ara. Ara kò mọ ohun tó jẹ́, ó gbógun tì í, eegun tó yí i ká sì ń bàjẹ́ nínú ìjà náà. Charnley fẹ́ dá a lójú pé ìyẹ̀fun náà ló fà á. Ó gún un sínú itan ara rẹ̀. Ó wú, ó di kókó. Ìdáhùn dé.

Ó tún ṣiṣẹ́ abẹ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn láti yọ ohun tó ti fi sí wọn lára. Bí mo ṣe ń ronú nípa dókítà tó gbọ́dọ̀ kojú àwọn ènìyàn tí òun fúnra rẹ̀ ti fún ní ìrètí, ọkàn mi ń wúwo.

Báwo ló ṣe wá yọ nínú rẹ̀?

Ní May 1962, oníṣòwò kan gbé ike kan wá, polyethylene tó le gan-an, tí wọ́n ń fi ṣe eyín ẹ̀rọ ìhunṣọ ní àwọn ilé iṣẹ́ Lancashire. Charnley fi èékánná rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó ní kò dára. Harry Craven, oníṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, kò jù ú nù. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ rìnrìn àjò, ó gbé e sórí ẹ̀rọ ìdánwò, ó ń yí tọ̀sán tòru. Ohun tó jẹ lára rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tó èyí tó máa jẹ lára Teflon ní ọjọ́ kan. Ní November ọdún yẹn kan náà, Charnley ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi sára ènìyàn. Ike yìí kò yọ̀ tó Teflon, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́. Ó gbà pé òun ti gbájú mọ́ ìyọ̀ jù, pé bí ike ṣe ń jẹ lọ ni ọ̀tá gidi.

Kí ni ti ilé onígíláàsì tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀?

Bí kòkòrò àrùn bá wọ oríkèé àtọwọ́dá, àtiyọ ọ́ ṣòro, ó sì lè gba ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀mí. Ní ilé ìwòsàn Wrightington, nítòsí Wigan, tó jẹ́ ilé ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ tẹ́lẹ̀, àwọn ọgbẹ́ tó ń gba kòkòrò kò dín ní ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀. Charnley fura sí afẹ́fẹ́. Ó kọ́ ilé kékeré sí àárín yàrá iṣẹ́ abẹ, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti sẹ́ mọ́ ń ti òkè fẹ́ sísàlẹ̀, ó sì ní kí àwọn dókítà wọ aṣọ tó ń fa èémí wọn jáde. Ìṣòro náà dín sí nǹkan bí ìdá 1. Ní 1982, ìwádìí tó kó iṣẹ́ abẹ tó lé ní 8,000 pọ̀ fi hàn pé afẹ́fẹ́ mímọ́ náà ní ipa gidi.

Kí ló dé tí kò tètè jẹ́ kí àwọn dókítà mìíràn rà á?

Teflon ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Fún ọdún bíi mélòó kan, ó ní kí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é má tà á fún dókítà tí kò tíì wá kọ́ ọ ní Wrightington. Ó sì máa ń bẹ àwọn aláìsàn rẹ̀ pé kí wọ́n gbà kí wọ́n yọ ìgbáròkó náà padà fún un lẹ́yìn ikú wọn. Púpọ̀ gbà.

Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Lasker, ẹ̀bùn ìṣègùn pàtàkì kan ní Amẹ́ríkà, ní 1974, wọ́n sì fi í joyè Sir ní 1977, ó sì kú ní August 1982. Àwọn ìgbáròkó tí àwọn aláìsàn dá padà wà nílẹ̀, wọ́n sì wọn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ní ìpíndọ́gba, ohun tí ike náà ń jẹ lọ jẹ́ bíi 0.1 mìlímítà lọ́dún.